Ẹlẹ́nu, Ọlọ́wọ́, Ẹlẹ́sẹ̀

Bàbá mi gbà pé irú ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run ń dá. Ó dá ẹlẹ́nu, ó dá ọlọ́wọ́, ó dá ẹlẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́nu ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọjà ni kó lọ. Ọlọ́wọ́ ni ẹni tó lè jókòó sójú kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, kó máa fi ọwọ́ ṣe ohun tí ojú ń wò, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìdí iṣẹ́ ọwọ́ ni tirẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹni tí ilé kì í gbà. Kí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ mọ́tò. Bí bàbá mi bá ti wò ọ́, tó sì ti fún ọ ní ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ti parí. Abọ́ ni ó ń tà ní ọjà Sábóńgàrí ní Zaria, abọ́ onírin, abọ́ oníke, bàsíà, kẹ́tù, gbogbo ohun tí ìyàwó ń kó lọ sílé ọkọ, ó sì máa ń sọ pé bí òun bá ti fi èékánná ta abọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ìró rẹ̀ yóò sọ fún òun bóyá ó ti sán. Lójú rẹ̀, ọmọ kò yàtọ̀ sí abọ́. Ó ta ẹ̀gbọ́n mi Sàdíátù, ó dún. Ẹlẹ́nu ni, ó mú un lọ sí ìsọ̀. Ó ta Mùrítàlá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyẹn náà dún; ẹlẹ́sẹ̀ ni, ó fi í sọ́dọ̀ awakọ̀ kan tó ń ná Kánò. Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ó kan èmi, Hàwáù, àbíkẹ́yìn, mo sì ti ń bẹ̀rù rẹ̀ kó tó dé.

Ariwo ni mo fi ń rántí ilé wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìpè ìrun yóò dún láti mọ́sáláṣí tó kọjú sí wa, lẹ́yìn náà okùn kànga yóò máa han, epo yóò máa ta ṣàà nínú ìkòkò olójú púpọ̀ tí ìyá mi fi ń dín wáínà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, tà lójúde. Láìpẹ́ fèrè ilé-iṣẹ́ kan láti ọ̀nà Chikaji yóò fọn, àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa sáré kọjá, wáínà gbígbóná nínú bébà lọ́wọ́ wọn, wọn yóò máa fi Hausa bá ìyá mi ṣàwàdà. Èmi ni mo ń gbé wáínà lé wọn lọ́wọ́, mo sì ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọlé, ẹnu mi á dì. Òfin bàbá mi ni pé Hausa kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. "Ẹ bọ́ ọ síbẹ̀ yẹn pẹ̀lú bàtà yín," bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wí. Ó ń bẹ̀rù pé a ó di ọmọ onílẹ̀ tán, pé bí òun bá mú wa délé ní Ìlọrin lọ́jọ́ kan, a ò ní lè kí àwọn àgbà. Mi ò bá a wí. Èmi náà ti bí ọmọ sí Zaria, mo mọ ẹ̀rù yẹn. Àmọ́ ohun tí òfin náà ṣe fún mi ni pé gbogbo ayọ̀ mi wà nínú Hausa, níbi omi ẹ̀rọ, ní islámíyà, lẹ́yìn ògiri lọ́dọ̀ Màmán Làmí aládùúgbò wa tó ń pè mí ní Mai Surutu, ìyẹn aláròyé. Yorùbá ni èdè tí wọ́n fi ń pè mí wá jẹ́jọ́. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ni ojú mi máa ń wò bí wọ́n bá ń sọ ọ́, títí mo fi mọ gbogbo ibi tí sìmẹ́ńtì pálọ̀ wa ti là.

Lẹ́yìn Ìtúnu ààwẹ̀ ni bàbá mi máa ń pe ọmọ tó bá kàn. A jẹun tán lọ́jọ́ náà, tùwó àti ọbẹ̀ kúkà tí ẹran Ìtúnu kún inú rẹ̀. Ó ní kí n wá. Mo kúnlẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń nu àwo kan tó ti gbẹ tipẹ́.

"Hàwáù."

"Sà."

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Mo mọ ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń la ìjà níbi omi ẹ̀rọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tan oníbàárà tó fẹ́ jẹ wáínà kó tó sanwó. Àlùfáà wa ní islámíyà máa ń ní kí n dìde, kí n tún ohun tó kọ́ wa sọ fún àwọn tí kò yé. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú bàtà mi.

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó ta mí lẹ́ẹ̀kan sí i: "Kò sí nǹkan kan tó wù ọ́ láyé?" Mo mi orí pé kò sí. Ó wo ìyá mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Kò dún rárá. Ọlọ́wọ́ ni. Kò lẹ́nu, kò lẹ́sẹ̀, àfi kó jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin ti ń wá ọmọ tí yóò kọ́ òfì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ló dá eléyìí fún un."

Báyìí ni wọ́n ṣe yan iṣẹ́ fún mi. Kì í ṣe pé bàbá mi jẹ́ ìkà. Ó ń wá ire mi pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀, ó sì gbàdúrà gígùn lé mi lórí lálẹ́ ọjọ́ náà. Títí di òní, bí mo bá ń rántí rẹ̀ nínú ìrun, mo máa ń dúpẹ́ pé mo ní bàbá tó jókòó tó ro tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí kò ní ààlà. Mi ò dé Ìlọrin rí. Bí ìyá mi bá dúró pẹ́ lọ́jà, ara mi kì í balẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa sùn nílùú tí n kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀? Sàdíátù kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ó máa ń dùbúlẹ̀ tì mí lórí ẹní, á máa rẹ́rìn-ín.

"Wọn yóò so ẹsẹ̀ ẹ mọ́ òfì bí ewúrẹ́."

"Irọ́ ni."

"Irọ́ kẹ̀? Ṣé o ti rí aṣọ òfì tó pupa rí? Ẹ̀jẹ̀ ìka ọmọ tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni."

Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ mi sínú aṣọ kí n tó sùn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn àsàlátù wa ní Samaru, obìnrin kan tó ń ta ohun èlò fóònù ní Hayin Dogo fa ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi. Nọ́ọ̀sì ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ọlọ́run ló ṣe é, àwọn ìyá sì máa ń mú ọmọ wá kí n bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Ọmọ náà ti dáhùn ìbéèrè rẹpẹtẹ lórí fóònù: ṣé o fẹ́ràn àárín èrò, ṣé ó máa ń tètè rẹ̀ ọ́ láàárín àlejò, ṣé o máa ń ronú kí o tó sọ̀rọ̀. Fóònù náà wá sọ irú ẹni tó jẹ́ fún un, pé ẹni jẹ́jẹ́ ni, kó lọ ṣe iṣẹ́ tí yóò máa dá jókòó tì. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ bá mi wò ó, mà, ṣé òótọ́ ni?" Mo bi ọmọ náà pé, "Èdè wo lo fi dáhùn?" Ó wò mí bí ẹni wo arúgbó. "Gẹ̀ẹ́sì ni, mà." Mo ní kó tún un dáhùn nínú ọkàn rẹ̀ ní Hausa, bí ẹni pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Hayin Dogo ló ń bi í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó dé ìbéèrè kejì. Mi ò bú fóònù náà o. Ó ń gbìyànjú bí bàbá mi ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wo ojú ọmọ yẹn, mo tún rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì wa nígbà náà.

Ìyá Ìlọrin dé kí oṣù Ìtúnu tó wọ àárín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, òun ló tọ́ bàbá mi dàgbà, òun nìkan sì ni mo rí tí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè nítorí kò sí ìgbà tí ó nílò rẹ̀. Ó gbé wàrà díndín wá fún wa nínú agbọ̀n, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án títí ó fi ní kí á jẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ ó na ọwọ́ sí mi. Ó mú àwọn ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ orí wọn wò bí ẹni tó ń ra ilá, tó fẹ́ mọ èyí tó ti gbó.

"Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀," ó wí fún bàbá mi. Ó wá kọjú sí mi. "Ṣé o máa ń sunkún?"

"Rárá, mà."

"Wàá sunkún."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, egungun ni kí ẹ bá mi dá padà." Gbogbo wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, bí àwọn òbí ṣe ń sọ ọ́ fún àlùfáà bí wọ́n bá fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí kó jẹ́ egungun tèmi ni wọ́n ń sọ.

Wọ́n ní òun àti èmi ni yóò jọ máa sùn ní yàrá kan, kí ara mi lè mọ́ tirẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní kí n rọra lọ bu omi gbígbóná àti ẹ̀kọ díẹ̀ wá, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Sààrì ni ó fẹ́ jẹ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó gbààwẹ̀. Bàbá mi ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé dókítà ní Ìlọrin ti kà á léèwọ̀ fún un nítorí àtọ̀gbẹ, àti pé kò gba ọ̀kankan nínú ààwẹ̀ Ramadan tó kọjá. Ó jẹ ẹ̀kọ náà díẹ̀, ó fi omi gbé oògùn funfun kan mì, ó sì wò mí nínú òkùnkùn.

"Mo jẹ Ọlọ́run ní ààwẹ̀ oṣù kan. Mo fẹ́ san án kí n tó kú. Bí bàbá rẹ bá gbọ́, yóò pariwo dókítà lé mi lórí. Ìwọ ni mo pè nítorí o ò lẹ́nu. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Báyìí ni mo ṣe di apótí àṣírí rẹ̀. Ìyá mi á gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé fún un, Ìyá Ìlọrin á dúpẹ́, á ti ilẹ̀kùn, á sì tì í síwájú mi. "Jẹ ẹ́." Mo ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ṣíbí dún lára abọ́. Mo ń rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí tẹ̀sùbáà bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀. Mo ń rí òógùn tó ń yọ níwájú orí rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Ta ni n ó sọ fún? Àgbà tó ń jọ́sìn ni, èmi sì ni ọmọ tí ó fẹ́ mú lọ. Bí mo bá bí i nínú, òfì yẹn á korò sí i. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ mi sì ń dùn mọ́ ọn, mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá mi pé, "Ọmọ dáadáa ni. Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti rí i pé òun ni mo fẹ́." Wọ́n mú ọjọ́ ìrìn-àjò.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ, ìyá mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Samaru, bàbá mi àti Sàdíátù wà ní ìsọ̀. Ó ku èmi àti Ìyá Ìlọrin nílé. Ó dìde kí ìrun Alásàrí, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó forí kanlẹ̀. Mo dúró kí ó gbé e sókè. Òwúrọ̀ àti alẹ́ ni mo ti ń rí i tó ń kírun, mo mọ bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó nílẹ̀. Adìẹ kan wọlé, ó ṣa ọkà díẹ̀ lẹ́bàá ẹní, ó tún jáde. Kò gbé orí. Ṣé ọmọdé lè fọwọ́ kan àgbà tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀? Mo pè é jẹ́jẹ́: "Ìyá." Ó rọra yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àpò ìrẹsì tí wọ́n gbé tì sára ògiri, ojú rẹ̀ là, kò sì rí mi.

Mo fò jáde, mo sì fi Hausa lọgun. Mi ò mọ ohun tí mo wí. Màmán Làmí ti ẹ̀yìn ògiri sáré dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Alómi kan ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá lójúde. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ní kó kó kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ta ni yóò sanwó omi òun. Mo ní bàbá mi ni alábọ́, kó wá bá mi bí kò bá gba owó rẹ̀. Àwa mẹ́ta gbé Ìyá Ìlọrin lé orí igi ọmọlanke náà, a sì ń sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju igi lọ, àwọn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo kòtò. Mo di ọ̀kan mú. Ó tutù. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo kà lójú ọ̀nà yẹn, mo sì tún àwọn kan kà tí n kò mọ̀ parí.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní òpin òpópónà wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, obìnrin Hausa kan tó sanra tó sì yára, ní kí a gbé e lé bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí Màmán Làmí jáde lọ wá dókítà, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ṣí ojú rẹ̀ wò. Ìyá Ìlọrin mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn ní Yorùbá. Nọ́ọ̀sì náà kò gbọ́ ọ. Ó wò mí.

"Me ta ci yau?" Kí ló jẹ lónìí?

Mo tẹ ẹnu mọ́ etí Ìyá Ìlọrin. "Ìyá, wọ́n ní kí lẹ jẹ lónìí?"

Ojú rẹ̀ wá mi káàkiri kó tó rí mi. Ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ̀ pé agbára yẹn ṣì kù lára rẹ̀. "Sọ fún un pé mo jẹ tùwó lọ́sàn-án."

"Wọ́n ní ṣé ẹ lo oògùn kankan?"

"Sọ fún un pé n kò lo nǹkan kan."

Tùwó yẹn, inú tèmi ni ó wà.

Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé iṣẹ́ tí àgbà bá rán ọmọ ni ọmọ ń jẹ́, kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Mo kọjú sí nọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ta ce ta ci tuwo," ó ní òun jẹ tùwó. Mo ní ó ní òun kò lo oògùn. Nọ́ọ̀sì mi orí, ó ní ibà ni nígbà náà, ó yíjú padà ó ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ Ìyá Ìlọrin tú díẹ̀ lára mi, bí ọwọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo wo ètè rẹ̀. Ó ti ń di eérú. Mo ń ronú nípa Ìlọrin, nípa ohun tí yóò fi mí ṣe níbẹ̀ bí mo bá tú àṣírí rẹ̀, kò ní sí ìyá mi nítòsí tí yóò bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo tún ronú pé bí ó bá kú, kò sẹ́ni tí yóò mú mi lọ síbi kankan. Ọkàn ọmọdé ni, ó rò ó, n kò lè purọ́. Èrò yẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ẹnu mi là kí n tó mọ̀.

"Amma ba gaskiya ba ne!" Irọ́ ni! Mo ní èmi ni mo jẹ tùwó náà. Mo ní azumi ló ń gbà, ó fi sààrì gbé oògùn àtọ̀gbẹ mì, kò sì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìgbà náà.

Azumi. Ìyá Ìlọrin kò gbọ́ Hausa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wà ní Zaria lẹ́yìn Ìtúnu tí kò mọ̀ pé ààwẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú sí mi. Mo ti rí ojú ẹjọ́ púpọ̀ láyé mi, n kò tíì rí irú rẹ̀.

"Kin tabbata?" Ṣé ó dá ọ lójú?

Mo ní ó dá mi lójú. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù, ó ju abẹ́rẹ́ náà sínú àwo, ó po gúlúkóòsì sínú ife, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ìyá Ìlọrin pa eyín dé. Omi ṣúgà náà ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ sórí ìborùn. Ó ti inú eyín sọ̀rọ̀: "Oòrùn ò tíì wọ̀." Nọ́ọ̀sì ń pariwo ní Hausa pé kó mu ún. Ojú Ìyá Ìlọrin tún ti ń yí lọ sókè.

Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì náà. Mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí bàbá mi ń dọ̀bálẹ̀ fún, mo sì fi Yorùbá pariwo mọ́ ọn, Yorùbá tí n kò fi pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. "Ẹ la ẹnu yín! Ẹ la ẹnu yín, mo ní! Ọlọ́run kò ní kí ẹ kú! Ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́, kí n wí kí ni fún bàbá mi? Ẹ la ẹnu!"

Ó la ẹnu.

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì púpọ̀ láàárín aláìsàn tó ń sọ èdè kan àti dókítà tó ń sọ òmíràn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Ó fi mí síbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìgboyà ló gbé mi dé ibẹ̀. Kì í ṣe ìgboyà. Gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá ní, "Sọ fún wọn pé," mo ṣì ń mọ ọwọ́ kan lọ́rùn ọwọ́ mi.

Wọ́n dá Ìyá Ìlọrin padà sílé lọ́jọ́ kejì. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Kò pè mí ní àfẹ̀mọ́jú mọ́. Ìyá mi ni ó ń gbé ẹ̀kọ fún un báyìí, ní ojúmọmọ, bàbá mi á sì dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Bí mo bá wọ yàrá, yóò kọjú sí ògiri. Sàdíátù gan-an kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti burú. Ó ń wò mí bí wọ́n ti ń wo àgbò tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀. Ìyá mi di ẹrù mi, ó kó aṣọ méjì tó jẹ́ tirẹ̀ sí i fún mi pé kí n máa fi bora.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni bàbá mi pè wá sí pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ sí ibi tí mo máa ń kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹrù ọmọ ti wà nílẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la ni mọ́tò yín."

"Mi ò mú un lọ."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Kí ló ṣe yín? Ẹ sọ fún mi, kí n fi pàṣán bá a sọ̀rọ̀."

"Dìde ńlẹ̀, Mùsítàfá, ta ló ní kí o dọ̀bálẹ̀? Ìdí òfì mi ni mò ń rò. Àwọn obìnrin tó ń jókòó níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ wọn, ọ̀rọ̀ orogún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Kí n wá mú eléyìí débẹ̀? Kí oṣù tó parí, gbogbo Ìlọrin á ti gbọ́."

"Hàwáù?" Bàbá mi wò mí, ó wo Ìyá Ìlọrin. "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò lẹ́nu."

"Kò lẹ́nu níwájú rẹ. Ta ló lẹ́nu níwájú rẹ? Ìgbà wo ni ìyàwó rẹ gan-an sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?" Nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi ní ilé ìdáná. Sàdíátù ti ìborùn bọ ẹnu. "Mo wà láàárín ayé àti ọ̀run, mò ń gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ Hausa, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń fi ẹnu jà. Ó fi ẹnu jà pẹ̀lú alómi, ó fi bá nọ́ọ̀sì jà. Ó yíjú sí èmi, ó ní kí n la ẹnu mi. Èmi! Ìwọ, ṣé o lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Ẹlẹ́nu ni. O fi èékánná ta á níbi tí kì í ti í dún. Má sì fi ẹnu yẹn ta abọ́ o, Sàdíátù ti tó ọ. Lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn, bi í pé ilé-ìwé wo ni wọ́n ti kọ́ òun."

Mo rí ọwọ́ bàbá mi lórí orúnkún, ó ń ta èékánná sí àtàǹpàkò, ó ń ta á, kò sì sí ìró kankan. Ìyá Ìlọrin wá bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni ó kọjú sí. "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ààwẹ̀ kan ni o bà jẹ́ fún mi." Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n tọrọ àforíjì, mo sì ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dàrú mọ́ra lẹ́nu mi. Mi ò sùn lóru yẹn. Àgbà tó yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan lè tún un yí padà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa sìn ín dé gáréèjì Kwangila. Mo di ìborùn ìyá mi mú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àyè ènìyàn méjì ni bàbá mi ti gbà sílẹ̀ níwájú mọ́tò náà. Ìyá Ìlọrin wọlé, ó to ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ dáadáa, ó sì fi àyè kejì sílẹ̀ lófìfo. Awakọ̀ wá yọjú lójú fèrèsé. Ó wo àyè náà, ó wo wá.

"Ina yarinyar?"

Ìyá Ìlọrin na orí jáde. Kò wo bàbá mi, kò wo Sàdíátù. "Hàwáù, kí ló wí?"

"Ó ní ọmọbìnrin náà dà, mà."

Ó wò mí. Ojú tó fi wò mí lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn náà ni, ó pẹ́, mo sì rò pé ó ti tán fún mi. Ọwọ́ ìyá mi le lórí èjìká mi.

"Sọ fún un pé ó ti ríṣẹ́ níbí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí o sọ ọ́. Má fi tìẹ kún un."

Mo kọjú sí awakọ̀. Mi ò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. "Ta sami aiki a nan," mo wí, ohùn mi sì dún ju bí mo ti fẹ́ lọ. Ìyá Ìlọrin gbé àpò rẹ̀ sórí àyè kejì, ó sì ní kí awakọ̀ ti ilẹ̀kùn.